Ẹ jẹ́ kí ìbínú jáde kí ẹ tó fọwọ́ kan fúláwà mìíràn

Àǹtí mi, ẹ ní kéèkì ọjọ́ìbí tí ẹ ń ṣe fún ọmọ yín jìn láàárín, ẹ jágbe mọ́ ọn, ẹ fi ìkúùkù rún un wómúwómú, ara wá tù yín débi pé ojú ń tì yín. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Èmi tí mo ń fi kéèkì jẹun náà ti bá kéèkì jà rí.

Kéèkì ìgbéyàwó ni. Gáàsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tán lójijì. Ẹni tó tà á ti rẹ́ mi jẹ lórí òṣùwọ̀n. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé kéèkì wú. Bí iná bá kú kí ẹyin àti fúláwà tó dì, afẹ́fẹ́ á sá lọ, kéèkì á wó. Tèmi jìn bí ojú ọpọ́n ayò. Mo rán ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kó lọ ra omi wá, torí mo mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu mi. Bó ṣe jáde, mo tilẹ̀kùn, mo ṣépè fún gáàsì, fún páànù, fún ẹni tó kọ́kọ́ dá kéèkì sílẹ̀ láyé, mo wá la gbogbo rẹ̀ mọ́ inú garawa. Àfi bí ẹ̀rín ṣe gbà mí! Ọkàn mi fúyẹ́, mo jókòó, mo ń ka ẹyin tó ṣẹ́kù.

Wọ́n á ní ìbínú kò da nǹkan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kéèkì tó ti bàjẹ́, kí ló kù tí ìbínú fẹ́ bà jẹ́ níbẹ̀? Ọmọ ènìyàn ni kí ẹ má bu díẹ̀ fún nínú rẹ̀. Ẹ sì má tíì po òmíràn. Ẹni tí inú ń bí máa ń po kéèkì jù, fúláwà á yi, kéèkì á le. Búrẹ́dì ló gba ìbínú: ẹ gbá a mọ́ tábìlì, ẹ fi ìkúùkù gún un, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa fà dáadáa. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá bú mi, búrẹ́dì ni mò ń pò.

Ní ti èyí tó jìn, ẹ bu baking powder yín, ìyẹ̀fun tó ń mú kéèkì wú, díẹ̀ sínú omi gbígbóná. Bí kò bá hó yaya, ó ti kú, ẹ ra òmíràn. Bó bá hó, a jẹ́ pé ẹ yé ṣí oven wò kí òkè kéèkì tó dì. Èyí tó fọ́ ńkọ́? Bí ẹ kò bá tíì dà á nù, ẹ bù ú sínú kọ́ọ̀pù, ẹ da kọ́sítáàdì lé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Àwọn ọmọdé ò ní bi yín bó ṣe fọ́.