Kí Ló Dé Tí Ìjọ Wa Kò Tíì Palẹ̀ Kérésìmesì Mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àwọn aládùúgbò ti tú ọ̀ṣọ́ ọdún kúrò, àmọ́ ìjọ Àgùdà wa kò tíì kó ibùjẹ ẹran, ìyẹn àwòrán ibi tí a bí Jésù sí, kúrò nílẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Lójú Ìjọ Àgùdà, Kérésìmesì kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ títí di àjọ̀dún Ìrìbọmi Olúwa nínú oṣù Kìn-ín-ní. Francis Mímọ́ ará Assisi ló ṣe irú ibùjẹ ẹran bẹ́ẹ̀ ní Greccio, ní ilẹ̀ Ítálì, lọ́dún 1223, kí ojú mẹ̀kúnnù lè rí bí a ṣe bí Jésù sínú òṣì. Èyí wú mi lórí púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó lẹ́yìn Mísà.