Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dán aago yẹn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Aago ọwọ́ 11 ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa. Èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀ ti lé ní 60 ọdún, ojú rẹ̀ ti pọ́n, nǹkan sì ti ha á lára. Atúnaagoṣe kan ní òun á bá mi dán gbogbo wọn, òun á sì tún ojú wọn kùn kí owó wọn lè gbéra. Ẹlòmíì ní kí n gbé wọn lé òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà. Èló ni kí n máa retí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Èló? Mi ò lè sọ. Aago tí n kò fojú rí, tí n kò ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, n kò ní dá iye lé e. Ẹni tó bá sì wo fọ́tò kan ṣoṣo tó pe iye fún yín, ẹ má gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò gùn. Aago tó ti lé ní 60 ọdún pọ̀ lọ jàra, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì tó owó àtúnṣe ara rẹ̀.

Ti òṣùwọ̀n ńkọ́? Ẹ ní kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bá yín wo inú ìdérí ẹ̀yìn aago bóyá òǹtẹ̀ 750 wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ wúrà, èyí tí wọ́n ń pè ní káráàtì 18. Èyí tí wọ́n kàn fi wúrà bò lára kò ní nǹkan kan tí ẹ máa wọ̀n. Wúrà gidi náà, iye tó kéré jù ni òṣùwọ̀n ń sọ. Lọ́dún 2017, wọ́n lu aago Rolex Daytona tí òṣèré Paul Newman fúnra rẹ̀ wọ̀ ní gbàǹjo ní New York, ó sì lé ní mílíọ̀nù 17 dọ́là. Irin ni, kì í ṣe wúrà. Ìyàwó rẹ̀ ló fún un, ó sì fín in sẹ́yìn rẹ̀ pé kó rọra máa wakọ̀. Ká ní ẹnì kan ti dán ẹ̀yìn aago náà kó lè mọ́ ńkọ́?

Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ dídán àti àtúnkùn yìí ti sú mi. Wọ́n á gbé aago wá, wọ́n á ní "a ti tún un ṣe", èmi ni màá wá wo ojú ẹni tó ni ín kí n sọ fún un pé owó ló ná láti fi ba owó jẹ́.

Dídán kì í ṣe fífọ̀. Ẹ̀rọ ìdán ń jẹ irin ni. Etí aago tí ilé-iṣẹ́ gé kó mú ṣámúṣámú á di roboto, apá mẹ́rin tí okùn ń kọ́ á tín-ín-rín, nọ́ńbà tí wọ́n fín sáàárín wọn á sì máa parẹ́, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn la fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Irin tó bá ti lọ, ó lọ náà nìyẹn.

Ti ojú aago ló burú jù. Èyí tí oòrùn ti sọ di àwọ̀ kọfí, àwọn kan wà tó jẹ́ irú ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá kiri. Àtúnkùn kì í fara pamọ́: lẹ́tà á sanra jù, ìlà ìṣẹ́jú á wọ́, ọ̀rọ̀ kékeré tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ á ti dàwátì. Aago tí àwọn èèyàn ń dù, àtúnkùn lè gé owó rẹ̀ sí ìdajì, nígbà míì kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Aago olówó pọ́ọ́kú kò níṣòro yẹn, ẹ kùn ún ní àwọ̀ tó bá wù yín.)

Ewu tún wà níbẹ̀. Títí wọ inú àwọn ọdún 1960, wọ́n ń po radium, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, mọ́ ọ̀dà tó ń mú kí ọwọ́ aago tàn lókùnkùn. Ọ̀dà náà lè má tàn mọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí 1,600 ọdún ló ń gbà kí ìdajì radium tó lọ. Ẹni tó bá ń ha á ń fa eruku rẹ̀ símú. Ẹ má ṣí aago yẹn nílé.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ wá rìsíìtì, ìwé àti páálí wọn, títí kan oríkèé ṣéènì tí bàbá yọ sílẹ̀. Èyí tó ń lo bátìrì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀ kó tó jò. Ẹ má ta gbogbo 11 pọ̀; méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń gbé ìyókù. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi iye náà ṣe, torí iye tí a ń kọ fún adójútòfò sábà máa ń ga ju iye tí ẹnikẹ́ni máa san fún yín lọ. Ẹni tó bá sì dá iye lé e tó tún ní òun fẹ́ rà á, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa bọ̀.

Tí atúnaagoṣe yẹn bá ti gba èyíkéyìí lọ́wọ́ yín, ẹ lọ gbà á padà lónìí.