Ṣé ọdún kan ní Jámánì lè fún ọmọ mi ní dígírì ibẹ̀?

Ìbéèrè: Ọmọ mi wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Ilé-ìwé rẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú yunifásítì kan ní Jámánì. Ọkùnrin kan tó ní òun wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì náà ní kí a sanwó kí òun bá a gba àyè. Ó ní tó bá ti lo ọdún kan níbẹ̀, dígírì Jámánì ló máa gbà, àti pé àdéhùn náà á bá a rí físà. Ṣé kí a san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san án. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù níwájú mi, ó sì ń bí mi nínú, torí owó tí òbí làágùn kó jọ ni wọ́n ń gbà lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní láti tà.

Ọ̀rọ̀ dígírì yẹn ni gbòǹgbò irọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ fún pàṣípààrọ̀ kò kúrò ní ilé-ìwé rẹ̀ rárá. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé wọn nílé, ibẹ̀ náà ló ti ń san owó ilé-ìwé. Ìdí nìyẹn tí yunifásítì tó gbà á lálejò kì í fi í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ọmọ tiyín lọ, ọmọ tiwọn wá, kálukú ń san ti ilé rẹ̀. Ẹ wo Erasmus+, ètò Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Erasmus lásán ni wọ́n ń pè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, láti 2015 ló sì ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè tó jìnnà sí Yúróòpù. Òfin rẹ̀ ni pé agbàlejò kò gbọdọ̀ gba owó ẹ̀kọ́, owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò tàbí owó láíbìrì. Wọ́n lè gba owó sẹ́mẹ́sítà kékeré ní Jámánì, èyí tó sábà máa ń ní owó ọkọ̀ ìlú nínú. Bí àdéhùn tiyín kò bá sí lábẹ́ Erasmus+, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ nípa owó, torí àdéhùn kan ò jọ èkejì.

Ìwé màkísì ni ọmọ yín máa gbé bọ̀, kì í ṣe dígírì. Yunifásítì tirẹ̀ ló máa ka màkísì náà mọ́ tilé, òun náà ló sì máa fún un ní dígírì. Òótọ́ ni pé àdéhùn dígírì méjì wà, ṣùgbọ́n àdéhùn ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó ní àwọn kọ́ọ̀sì tí yunifásítì méjèèjì ti jọ fọwọ́ sí. Bí tiyín bá jẹ́ irú rẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọmọ yín á ti mọ̀.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń jìyà gan-an nìyí, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún òbí. Kí ó tó lọ, ìwé kan wà tí Erasmus+ ń pè ní Learning Agreement. Tábìlì méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan fún àwọn kọ́ọ̀sì tí ó máa ṣe lọ́hùn-ún, èkejì fún àwọn kọ́ọ̀sì ilé tí wọ́n máa rọ́pò. Òun, ilé-ìwé rẹ̀ àti ilé-ìwé agbàlejò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ tó bá wọkọ̀ òfurufú láìgba ìfọwọ́sí yìí lè padà wálé kí wọ́n ní kó tún gbogbo ọdún náà ṣe. Bó bá sì yí kọ́ọ̀sì padà níbẹ̀, kó tún ìwé náà ṣe lójú ẹsẹ̀.

Físà ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Jámánì ló ń fún ni, àdéhùn yunifásítì kò so wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n máa béèrè ẹ̀rí owó ìgbọ́bùkátà. Láti 2024, iye tí wọ́n ń wò ni 11,904 yúrò lọ́dún. Iye náà máa ń yí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ kankan.

Mi ò bú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde o. Mo fẹ́ràn wọn. Wọ́n lè júwe adúgbò tí ilé ti dẹ̀rọ̀, kí wọ́n sọ olùkọ́ tó máa ń fèsì lẹ́tà, kí wọ́n ka ìwé ìbéèrè ọmọ yín kó tó fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í pín àyè. Kódà àjọ Humboldt tó wà ní Bonn ní Jámánì, tó ń fún àwọn onímọ̀ ní owó ìwádìí, tí àwọn tó ti jàǹfààní rẹ̀ sì ju 30,000 lọ káàkiri ayé, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń yan ẹni tó máa gba owó náà, kì í ṣe àwọn tó ti gbà á rí. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì ọmọ yín ló ń yan orúkọ fún pàṣípààrọ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí Jámánì.

Kí ọmọ yín lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó béèrè iye àyè tó wà, ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí, àti bóyá owó ìrànwọ́ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti fún ọkùnrin yẹn ní ohunkóhun, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ohun tó kọ ránṣẹ́, kí ẹ fi wọ́n han ọ́fíìsì náà, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí.