Sí àbúrò tó fẹ́ ra kòkó láì jí kílò

Àbúrò mi, o ní àwọn tó o bá lẹ́nu iṣẹ́ kòkó l'Àkúrẹ́ sọ fún ọ pé ẹni tí kò bá fọwọ́ kan òṣùwọ̀n kó lè jí lára kílò àgbẹ̀ kò ní jẹun, o wá ń béèrè bóyá èèyàn lè ṣe iṣẹ́ yìí kí ọkàn rẹ̀ sì mọ́. Ó ṣeé ṣe. Ó pẹ́ tí mo ti ń ra kòkó láti Ìdànrè dé Oǹdó. Mi ò lówó tó wọn o, ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí mo máa rí lọ́ọ̀ọ́kán tí màá yà bàrá.

Jíjí kílò ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀. Láti 1986 tí ìjọba ti fòpin sí Bọ́ọ̀dù Kòkó, àjọ tó máa ń sọ iye tí wọ́n á ra kòkó, oníkálukú ló ń pe iye tó wù ú. Ẹnìkan á dé abà, á pe iye tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ò lè san, kí àgbẹ̀ má baà tà fún ẹlòmíì. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Níbo ni yóò ti rí owó náà? Inú kílò ni. Àpò 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Tó bá yọ kílò mẹ́rin lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti rí ju odidi àpò kan lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, iye tó o lè san láì parọ́ ni kó o pè, kódà kó kéré sí tiwọn. Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi a máa gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan tí a ò tíì já sẹ́yìn ọkọ̀. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n mi, kó rí i pé kílò 50 ló pè. Bàbá kan lẹ́bàá Ìdànrè wò ó títí, ó bọ́ fìlà, ó ní ká gbé sìmẹ́ǹtì náà lọ sórí òṣùwọ̀n ẹni tó ń rà níwájú ilé òun. 46 ló pè. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Mi ò gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ni òṣùwọ̀n yẹn kiri abà. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, awakọ̀ mi ló bá a fà á jáde. Inú bí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gan-an.

Èyí tó le jù ni owó ilé-ìwé oṣù kẹsàn-án. Àgbẹ̀ á wá yáwó, àwọn kan á sì fi ìdajì owó ra kòkó tó ṣì wà lórí igi lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2024 tí tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé, ojú àwọn tó ti ta torí igi rí nǹkan. Èmi a máa yáni, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá ń ra kòkó lọ́jọ́ tó bá délẹ̀ la ó fi ṣírò. Àwọn kan gba owó mi, wọ́n tà fún ẹlòmíì. Ó dùn mí, mo sì ti dín àwọn tí mò ń yá kù.

Inúure kọ́ ni kó o máa gba kòkó tútù o. Yóò bu nínú àpò, wọ́n á gé kóró rẹ̀ wò, wọ́n á dá a padà. Ní kí àgbẹ̀ lọ sá a sóòrùn sí i, má kàn yọ kílò omi lẹ́yìn rẹ̀.

Owó ta ni wàá fi máa rà? Tó bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ń béèrè tọ́ọ̀nù báyìí lọ́sẹ̀, sọ fún wọn pé o ò ní jí kílò kó o tó gbowó. Bí wọn ò bá gbà, fi àpò mélòó kan tìrẹ bẹ̀rẹ̀, kó o sì ra òṣùwọ̀n tìrẹ, má yá ti ẹnikẹ́ni.