Ìbéèrè: Ṣé Mack mi lè máa lo ethanol?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní Mack CH kan tó ń kó yanrìn, owó dísẹ́ẹ̀lì sì ti fẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bọ̀dá kan ń ta ethanol, ìyẹn ọtí líle kan tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ó ní kí n máa da kẹ́ẹ̀gì méjì sínú táǹkì, pé ó ń jó ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ẹ́ńjìnnì á tún lágbára sí i. Àbúrò mi tó wà ní Houston náà ní truck òun ń lo ethanol, kò sì sí wàhálà kankan. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì tèmi gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ má dà á sí i. Mo máa ṣàlàyé, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kẹ́ ẹ tó ka ìyókù, torí ẹ̀yin lẹ ṣìkẹrin tó ń bi mí ní nǹkan yìí láàárín oṣù kan, méjì nínú wọn ti dà á sí i tán kí wọ́n tó wá bèèrè.

Àbúrò yín ò parọ́ o. Ohun tí wọ́n ń pè ní truck lọ́hùn-ún, píkọ́ọ̀pù ni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì fúẹ́lì ló wà nínú rẹ̀, ó ní pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Wọ́n ń ta epo kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ E85, fúẹ́lì àti ethanol ni wọ́n pò pọ̀, ethanol inú rẹ̀ máa ń wà láàárín 51 sí 83 nínú 100, ó kù sí àsìkò tó bá jẹ́ nínú ọdún. Gbogbo píkọ́ọ̀pù kọ́ ló sì gbà á. Kí àbúrò yín wo ìdérí táǹkì rẹ̀ bóyá ó ní àwọ̀ yẹ́lò, tó bá sì jẹ́ píkọ́ọ̀pù Chevrolet Silverado ẹlẹ́ńjìnnì 5.3 ti 2002 sí 2006 ló ní, kó ka VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, dé ìkẹjọ, tó bá bá Z níbẹ̀ ó gbà á, tó bá bá T kò gbà á. Ìdí ni pé kílò fúẹ́lì kan ń fẹ́ nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó jó dáadáa, ethanol ò fẹ́ ju 9 lọ, nọ́súlù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ lè da púpọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń mu. Ti àbúrò yín nìyẹn.

Mack yín ò ní pulọ́ọ̀gì. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Mo mọ ohun tí bọ̀dá yẹn ṣe fún yín, torí ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń ṣe. Ó da ethanol díẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó ṣá ìṣáná sí i, iná sọ. Ó da dísẹ́ẹ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìṣáná bọ́ sínú rẹ̀, ó kú. Ẹ̀yin náà wá gbà pé èyí tó jó yẹn ló dáa jù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì? Kò sẹ́nì kankan. Písítìn ló máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná janjan, ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ táyà rí mọ̀ bí ìdí pọ́ǹpù ṣe máa ń gbóná, ti ẹ́ńjìnnì wá jù ú lọ fíìfíì. Inú ooru yẹn ni nọ́súlù á fín dísẹ́ẹ̀lì sí, òun fúnra rẹ̀ á gbiná láìsí ìṣáná. Iṣẹ́ tá a gbà á fún nìyẹn, kó fúnra rẹ̀ gbiná. Dísẹ́ẹ̀lì ń ṣe é tí ooru bá ti tó nǹkan bíi 210 sí 250 lórí ìwọ̀n Celsius, ethanol ń fẹ́ kó lé ní 360. Nọ́ńbà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní cetane, òun la fi ń mọ bí epo ṣe ń yá gbiná fúnra rẹ̀ tó, dísẹ́ẹ̀lì tó dáa máa ń lé ní 40, ti ethanol ò ju bíi 8 lọ. Torí náà, èyí tó ń yára jó lójú ìṣáná yẹn, òun ló ń lọ́ra jù nínú ẹ́ńjìnnì yín. Ẹ máa rí i láàárọ̀, kò ní fẹ́ sítáàtì, èéfín funfun á máa yọ, tó bá sì gbiná pẹ́, á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi òòlù lu irin.

Ẹlòmíì á ní ṣebí iléeṣẹ́ Scania ti ṣe bọ́ọ̀sì tó ń lo ethanol fún ìlú Stockholm ní Sweden. Òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn lọ́tọ̀, ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ 28 sí 1, èyí tó wọ́pọ̀ nínú tírélà wa jẹ́ bíi 16 sí 18, epo rẹ̀ tó ń jẹ́ ED95 sì ní oògùn nínú tó ń mú kó gbiná. Brazil náà ńkọ́, láti 1975 ni ìjọba wọn ti ń ti ethanol lẹ́yìn, mọ́tò kéékèèké wọn ń mu ún bí omi, síbẹ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni èyí tó pọ̀ jù nínú tírélà tó ń kó ìrèké lọ síléeṣẹ́ ethanol fúnra rẹ̀ ń mu.

Ẹ jẹ́ n sọ ti pọ́ǹpù. Dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń rọ irin inú pọ́ǹpù tó ń ti epo lọ́rùn bí ọ́ìlì, ethanol gbẹ, kò lè ṣe é. Lọ́dún tó kọjá wọ́n wọ́ típà kan tó ti mu ethanol wá bá mi, mo tú pọ́ǹpù rẹ̀, àwọn irin róbótó mẹ́fà tó ń ti epo lọ sí nọ́súlù, tó yẹ kó máa dán bíi dígí, ìlà wẹ́wẹ́ ti kún ara wọn bí ẹni fi bíléèdì fà wọ́n, ọ̀kan ti gán pátápátá, mi ò lè fọwọ́ yí i. Ọ̀gá ọkọ̀ náà gbé ìyókù ethanol ọ̀hún dání, mo bù ú mọ́ dísẹ́ẹ̀lì nínú ìgò omi, mo mì í, mo gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Ká tó jẹun ọ̀sán tán ó ti pín sí méjì, omi rẹ́súrẹ́sú wà nísàlẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì wà lókè. Ìsàlẹ̀ táǹkì yẹn lọkọ̀ sì ti ń fa epo. Ọtí ni ethanol, ó fẹ́ràn omi, kódà tí wọ́n bá sè é dáadáa, omi bíi 4 sí 5 nínú 100 á ṣì kù nínú rẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá tún fa omi náà yọ lọ́tọ̀, àwọn tó ń ta á ní kẹ́ẹ̀gì ò sì ní irinṣẹ́ yẹn. Ẹ rántí February 2022 tí fúẹ́lì tí methanol ti pọ̀ jù wọlé sí Nàìjíríà, ẹ rántí iye mọ́tò tó kú sójú títì. Ìbátan ethanol ni, ẹ́ńjìnnì tó ní pulọ́ọ̀gì ló sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Ooru táǹkì dísẹ́ẹ̀lì kì í sábà tó èyí tó máa mú kí atẹ́gùn tó ń jáde lára epo inú rẹ̀ gbiná. Ti ethanol, láti bíi 11 sí 42 lórí ìwọ̀n Celsius ni atẹ́gùn inú táǹkì rẹ̀ wà ní sẹpẹ́ láti bú, ẹ sì mọ bí oòrùn wa ṣe rí, ojoojúmọ́ la wà láàárín ìyẹn. Kẹ́ ẹ dà á mọ́ dísẹ́ẹ̀lì ò sọ ọ́ di dísẹ́ẹ̀lì, ti ethanol ni atẹ́gùn yẹn á máa tẹ̀ lé. Táǹkì Mack sì rèé lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Ẹnì kan á fẹ́ wẹ́lì bọ́dì ọkọ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò mọ ohun tó wà nínú táǹkì. Iná ethanol kì í sì í fẹ́ẹ́ hàn lójú ọ̀sán.

Tẹ́ ẹ bá ti dà á sí i, ẹ má sítáàtì ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì dísẹ́ẹ̀lì tó mọ iṣẹ́ fa gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù onídèérí níta gbangba, jìnnà sí iná àti sìgá, kó pààrọ̀ fítà, kó da dísẹ́ẹ̀lì tuntun sí i, kó yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù. Tó bá ti rìn, kó tẹ́ẹ̀sì nọ́súlù. Mi ò tíì rí ọkọ̀ yín o, ẹni tó bá fojú rí i ló lè sọ bó ṣe bàjẹ́ tó.

Ní ti owó dísẹ́ẹ̀lì, mo mọ̀ ọ́n lára, ó ń dun èmi náà. Ẹ tẹ́ẹ̀sì nọ́súlù, ẹ pààrọ̀ fítà afẹ́fẹ́, ẹ fẹ́ táyà kó pé, ẹ sọ fún dírẹ́bà kó yéé jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lásán nígbà tó ń dúró de yanrìn. Kẹ́ẹ̀gì méjì yẹn, tó bá ti wà nínú kábíìnì, ẹ gbé e kúrò lálẹ́ yìí, kí dírẹ́bà má sùn tì í.