Púlì ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ tí ò bọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry 1999 mi ni mò ń tún ṣe fúnra mi nílé, oil seal iwájú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ń jò. Mo ti tú bóòtù àárín púlì ìsàlẹ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tó ń yí bẹ́líìtì, àmọ́ púlì yẹn ò mira rárá. Ṣé kí n fi hámà gbá a ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, jọ̀ọ́ gbé hámà yẹn sílẹ̀. Púlì yẹn kì í ṣe irin kan ṣoṣo o, tó o bá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó wàá rí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín irin inú àti irin ìta, òun ló ń gba jìgìjìgì ẹ́ńjìnnì mọ́ra, tó o bá wá lù ú tàbí o fi puller ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa púlì yọ) fà á létí, rọ́bà yẹn lè ya, púlì á wá máa mì tó bá ń yí, bẹ́líìtì ò sì ní pẹ́ já. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i.

Wo ojú ẹ̀ dáadáa, ihò méjì tó ní téèdì (ìlà tí bóòtù ń yí wọ̀) wà níbẹ̀, torí kí wọ́n lè fà á ni wọ́n ṣe ṣe é. Bóòtù onísípánà 12 tó gùn ni wàá dè sínú wọn kí puller lè dì í mú. Dá bóòtù àárín padà kọ́kọ́, má fún un mọ́lẹ̀ tán o, orí ẹ̀ ni puller máa tì, kó má ba téèdì inú jẹ́. Fọ́n WD-40, ọ́ìlì tó ń tú irin tó ti dípẹtà, sí i lálẹ́, jẹ́ kó mọ́jú, kó o wá máa yí puller díẹ̀díẹ̀, wàá gbọ́ "kà!", ó ti gbà nìyẹn. Kó o tó wọ abẹ́ mọ́tò, gbé e lé stand, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ tó ń gbé mọ́tò dúró, má gbọ́kàn lé jáàkì nìkan, mo bẹ̀ ẹ́.