Èsì: Ṣé pápá ìṣeré ìjọba lè mú ọrọ̀ wọ ìlú wa?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè Ìkẹ́rẹ́ yín fi èrè owó ṣe ìdí tí wọn yóò fi bẹ ìjọba fún pápá ìṣeré ńlá, nítorí pé irú pápá bẹ́ẹ̀ kì í sábà mú iye tí a ná sí i padà.

Owó tí ará ìlú bá fi wo bọ́ọ̀lù, tí ó sì fi ra oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà pápá, owó tí ì bá ná ní Ọjà Ọba ni. Ó kàn kúrò lọ́wọ́ oníṣòwò kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé bíi Roger Noll àti Andrew Zimbalist ti ń sọ tipẹ́ nípa àwọn pápá Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ tún wo Manaus ní Brazil, níbi tí wọ́n ti kọ́ pápá tí ó gba ènìyàn tó ju 40,000 lọ fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014, bẹ́ẹ̀ ìlú náà kò ní ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì àgbà nígbà náà. Ó dùn mí pé pápá Súrùlérè, tí ó gba Eré Ìdíje Gbogbo Áfíríkà lálejò ní 1973, wà láìsí ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀ bí:

1. àlejò bá ń ti ìta Èkìtì wá déédéé, tí wọ́n sì ń sùn mọ́jú ní ìlú yín;
2. owó ìtọ́jú bá wà nínú ìsúná ọdọọdún.

Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí ìjọba ń yà sọ́tọ̀ fún pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé tí ó ti wà ní Adó.